Afárá Tó Wà Nínú Tẹlifíṣọ̀n Wa

Bí ẹ bá ní kí n fi ohùn nìkan júwe ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Okokomaiko, ariwo ẹ̀rọ tí bàámi fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Fọkanáísà ni bàámi lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ sójà. Iwájú ilé ni wọ́n pàtẹ sí, nítorí náà kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ dáadáa ni ẹ̀rọ náà ti ń bú, tí òòlù wọn sì ń dún lára ríìmù, gbàm, gbàm, tí ẹni tó bá tún sùn lẹ́yìn ìyẹn á jẹ́ pé òkú ni. Lẹ́yìn ilé, màámi á ti máa ro ògì, wọ́n á máa fi orin ìjọ aláṣọ funfun tiwa gbe orógùn lẹ́sẹ̀. Àwọn kọ̀ndọ́ńtọ̀ á máa pariwo "Ìyànà Ìbà! Ìyànà Ìbà!" lójú títì. Àwa ọmọ á máa jà sí ìgbálẹ̀, nítorí ẹni tó bá tètè mú ìgbálẹ̀ kò ní pọn omi, kànga wa sì jìn bí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba ńlá. Ọmọ mẹ́ta ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi Làsísì ni àkọ́bí, èmi Fúnmi ni mo tẹ̀ lé e, Tọ́pẹ́ ni àbíkẹ́yìn.

A kì í ṣàdédé jẹun nílé wa. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, bàámi á ní, "Ẹ ka ara yín!" Màámi á ní, "Ení." Bọ̀dá mi á ní, "Èjì." Èmi á ní, "Ẹ̀ta." Tọ́pẹ́ á pariwo, "Ẹ̀rin!" Bàámi fúnra wọn ló kù tí wọ́n á sọ "Àrún" kí a tó bu òkèlè. Ṣùgbọ́n bàámi kì í sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò, ọbẹ̀ á máa tutù, ikùn á máa kùn, kí wọ́n tó wá rọra sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ebi pa Tọ́pẹ́ débi pé ó bá wọn sọ "Àrún" kí wọ́n tó lanu. Háà! Bàámi wò ó títí, wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ sídìí táyà wọn, wọn ò sì fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún dán an wò. Mo rò pé àṣà sójà ni, bí àwọn kan ṣe máa ń sá bàtà sóòrùn láràárọ̀. Ọmọdé ò kúkú mọ̀ ju kó jẹun.

Ohun kejì tí kò yé ẹnikẹ́ni ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ná: ilé onígbàgbọ́, ìyá wọn ń wọ sùtánà, àkọ́bí wọn ń jẹ́ Làsísì. Wòlíì wa bi bàámi nígbà ìrìbọmi bóyá kí wọ́n kúkú máa pe ọmọ náà ní Sámúẹ́lì. Bàámi ní, "Wòlíì, ẹ bá mi wẹ ọmọ náà nínú omi, ẹ má bá mi wẹ orúkọ rẹ̀." Màámi ló máa ń sọ ìtàn yẹn, tí wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bi wọ́n pé ta ló sọ ọmọ lórúkọ náà àti nítorí kí ni, wọ́n á ní, "Bi bàbá rẹ." Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Bàámi kì í sọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé tí wọ́n jà. Gbogbo ohun tí a mọ̀ ni pé wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí àwọn ọkọ̀ sójà ń kọjá lójú ọ̀nà Badagry lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń kó wọn láti bárékè Ọ̀jọ́ lọ sí ogun Làìbéríà. Bí wọ́n bá ń kọjá, orin wọn á gba gbogbo àdúgbò, àwa ọmọdé á sáré jáde lọ juwọ́ sí wọn. Ìyá Ṣínà tó ń gbé òdìkejì ilé wa kì í juwọ́ ní tiwọn. Ọkọ wọn ti bá àwọn àkọ́kọ́ lọ, kò sì tíì sí lẹ́tà, kò sí ìròyìn. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà ìlú, wọ́n á jáde, wọ́n á dúró ti òpó iná, wọ́n á máa yẹ ojú wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi á ní, "Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí n rí irú ìdúró yẹn." Lónìí tí èmi náà ti bímọ, mo mọ̀ pé ara wọn kọ́ ni wọ́n ń gba àdúrà yẹn fún.

Inú ọdún yìí náà ni géèmù wọ ilé wa. Bọ̀dá Emeka, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa, ń ta tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ní Alaba. Oníbàárà kan dá géèmù kan padà pé ojú rẹ̀ ti ha, Bọ̀dá Emeka sì gbé e wá fún wa. Wọ́n ní, "Bàbá Làsísì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa manage ẹ̀. E still dey work well well." Géèmù ọkọ̀ ogun ni. Òkè ni èèyàn ti ń wò ó bí ẹyẹ: ògiri bíríkì tí ọta lè wó, ògiri irin tí ọta kò lè wó, igbó tí ọkọ̀ ogun lè sá pamọ́ sí, àti odò. Èèyàn méjì lè jọ ta á, wọ́n á jọ máa bá àwọn ọ̀tá tó wà nínú ẹ̀rọ jà. Ní ìpele tó kẹ́yìn, afárá kan wà lórí odò. Ọkọ̀ ogun yín gbọ́dọ̀ kọjá lórí afárá yẹn dé ilé kí ọ̀tá tó pa yín tán, bí ẹnì kan bá sì ti dé òdìkejì, ẹ ti borí. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló wá gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó dé òdìkejì.

Ọjọ́ kẹta tí géèmù náà dé, èmi àti bọ̀dá mi ń ta á, à ń yìnbọn kíkankíkan, à ń pariwo. Bàámi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táyà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ti kú."

Bọ̀dá mi ní, "Bàbá, a ò tíì kú o. Ẹ wò ó, a ṣì ń rìn."

"Ẹ ti kú, ẹ ò tíì mọ̀ ni. Ẹni tó ń yìnbọn láìsinmi ń júwe ilé ara rẹ̀ fún ọ̀tá. Ọ̀nà tí ẹ bá wá, ẹ tún gbà padà. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Kò pẹ́ tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà tí ọkọ̀ méjèèjì fi bú gbàmù. Bọ̀dá mi yí ojú padà wo bàámi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé fọkanáísà nìyẹn o. Ní ọ̀sán tí kò sí iṣẹ́, tí kò sí iná, bàámi á ya odò sórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á to ìdérí ìgò kalẹ̀, dúdú fún ọ̀tá, pupa fún wa. "Ọ̀tá tó bá ṣàdédé sá, má lé e wọ igbó. Ẹ̀gbẹ́ igbó ni kí o gbà wò ó." "Má yìnbọn fún un títí tó fi máa yẹ̀gbẹ́ sí ọ." Wọ́n sọ bí àwọn ará Dàhómì ṣe wá gbógun ti Abẹ́òkúta láyé àwọn baba ńlá wa, tí àwọn ará Ìṣàgà ṣe bí ẹni tó gbà fún wọn, tí wọ́n tàn wọ́n lọ sí ẹnubodè Arò tí odi ti lágbára, ní ọ̀sán gangan dípò òru. Bàámi ní, "Má dúró de ọ̀tá ní ibi tó wù ú. Fà á wá sí ibi tí odi rẹ ti nípọn." Bọ̀dá mi gbé e lọ sínú géèmù: ó wó bíríkì apá kan fúnra rẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri irin. Àwọn ọ̀tá rọ́ gba ojú ihò náà wá, ó ń kó wọn bí ẹni ń ká ìṣáwùrú. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Bàámi náà rẹ́rìn-ín, mo sì rántí nítorí pé ẹ̀rín wọn kò wọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ jù ni pé, "Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ." Wọ́n kọ́ wa ní ìsá ju bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìjà lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ti parí ìwé mẹ́wàá tí kò ríṣẹ́, tó ń wo ọkọ̀ sójà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìjà ló gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti ka ara wa tán, bọ̀dá mi ní, "Bàbá, wọ́n ń gba sójà tuntun ní bárékè. Sàjẹ́ǹtì ọ̀rẹ́ yín ní bí ẹ bá ti lè sọ ọ̀rọ̀ kan péré, àwọn á mú mi." Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ màámi. Wọ́n ní, "Sójà wo? Làsísì, orí ẹ pé ṣá? Ṣé o kì í rí Ìyá Ṣínà ni?"

"Màámi, gbogbo èèyàn kọ́ ló ń kú. Bàbá lọ, wọ́n bọ̀."

Bàámi kò gbé ojú sókè. "Kò sí ọmọ mi tó máa wọ kákí."

Bọ̀dá mi ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi!" Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí èèyàn kì í fi bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀. Màámi tí wọ́n kì í jẹ́ ká wo ojú àgbà tààrà kàn káwọ́ lérí. Mo rò pé ìgbátí á dún. Ṣùgbọ́n bàámi kàn fọ ọwọ́ wọn nínú abọ́, wọ́n nù ún, wọ́n ní, "O rò pé ogun ni ohun tó ń tàn yòò nínú àpótí yẹn. Ó dáa. Ní Sátidé, èmi àti ìwọ máa jọ ta á. Ìpele tó kẹ́yìn. Bí o bá borí, màá sọ ọ̀rọ̀ kan péré yẹn. Bí o bá kú, n ò gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ sójà lẹ́nu rẹ mọ́."

Ẹ wò ó, bàámi kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé wọn. Ó dá wọn lójú pé kò sẹ́ni tó lè kọjá lórí afárá yẹn ni. Màámi bínú títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ní, "Bàbá Làsísì, ẹ fi ọmọ mi dógò nídìí géèmù?" Láti ọjọ́ yẹn di Sátidé, ilé wa dà bí ilé tí wọ́n ń retí ìròyìn láti ilé ìwòsàn. Màámi gbààwẹ̀. Bọ̀dá mi jókòó ti ìdérí ìgò lórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń tò ó, ó ń tú u. Mo bá a pọn omi láìjà. Mi ò fẹ́ kó lọ. Èmi ni mo mọ bí ó ṣe máa ń gba ẹ̀ṣẹ́ nítorí mi nílé ìwé, ta ni yóò wá gbà á?

Sátidé dé, iná sì wà. Màámi ti ń retí pé wọ́n á mú iná lọ, ṣùgbọ́n iná dúró gbagidi lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá Emeka dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti Tọ́pẹ́ wà nílẹ̀. Màámi kọ̀ láti wọlé, ṣùgbọ́n mo ń rí ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ kọ́tìnì. Bàámi di páàdì géèmù mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ tuntun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Áà, wọ́n mọ̀ ọ́n ta papọ̀ o! Bí ọ̀kan bá ń rìn, èkejì á dúró ṣọ́ ọ. Wọ́n gba igbó, wọ́n gba ẹ̀yìn ògiri irin, títí wọ́n fi rí afárá náà níwájú. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá ti tú jáde lẹ́yìn wọn, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, afárá náà sì tín-ín-rín, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé máa ń kú sí. Bàámi fẹ́ yí padà sínú igbó, wọ́n mọ̀ pé ó ti parí, mo rí i lójú wọn pé ọkàn wọn ti balẹ̀.

Bọ̀dá mi ní, "Bàbá, ẹ dúró síbi igbó yẹn. Ẹ máa yìnbọn. Mò ń bọ̀."

Bàámi dúró. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rò ó kí wọ́n tó dúró. Wọ́n dúró sínú igbó, wọ́n ń yìnbọn láìsinmi, ohun tí wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ ṣe, gbogbo ọ̀tá sì yí sọ́dọ̀ wọn. Ọkọ̀ bọ̀dá mi gorí afárá. Ó ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Bí ó ṣe tẹ òdìkejì ni ọkọ̀ bàámi bú gbàmù, orin ìṣẹ́gun sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, orin tí a kò gbọ́ rí nílé wa. Bọ̀dá mi fò sókè. "Mo ti borí! Bàbá, mo ti kọjá!" Tọ́pẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Èmi ti bú sẹ́kún.

Bàámi ṣì ń tẹ bọ́tìnì. Ọkọ̀ wọn ti jóná, kò sí nǹkankan lójú tẹlifíṣọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò wọn ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín kú lẹ́nu bọ̀dá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá? Bàbá, géèmù ni o." Bọ̀dá Emeka rọra wọlé, wọ́n pa ẹ̀rọ náà.

Bàámi ní, "Ohun tí mo sọ fún un gan-an nìyẹn."

A ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Odò kan wà níwájú wa. Wọ́n ń lé wa bọ̀. Afárá yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, a ò lè jọ gùn ún. Mo ní, 'Dúró síbi igbó yẹn, máa yìnbọn, mò ń bọ̀.' Ó ní, 'Ó dáa.' Ó dúró. Mo kọjá. Bí mo ṣe kọjá ni afárá wó." Wọ́n gbé páàdì náà sílẹ̀. "Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ọmọ kan ṣoṣo ni lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Làsísì lorúkọ rẹ̀."

Kọ́tìnì ṣí. Màámi wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń jẹ́ Ìyá Làsísì, ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó mọ orúkọ ta ni wọ́n ń jẹ́. Mo sì rántí ẹnu ọ̀nà tí bàámi máa ń wò kí wọ́n tó sọ "Àrún," ẹni tí wọ́n ti ń retí sì wá yé mi.

Bàámi dìde, wọ́n wọ bàtà. Màámi di aṣọ wọn mú. Wọ́n ní, "Ìyá Làsísì, ẹyin lohùn. Mo ti sọ ọ́. Ọmọ náà borí." Wọ́n lọ sí bárékè, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan péré náà, wọ́n bọ̀. Àwọn ará bárékè ní Ọjọ́ Ajé ni kí bọ̀dá mi wá.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, a kò gbọ́ ẹ̀rọ táyà. Bọ̀dá mi gbé báàgì kọ́ èjìká, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàámi, bàámi gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó yí sí màámi, ó ní, "Màámi, mò ń bọ̀." Mo rí i pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó jáde. Géètì dún. Màámi gbé ògì àti àkàrà kalẹ̀, wọ́n ti bu àkàrà bọ̀dá mi mọ́ ọn kí wọ́n tó rántí, wọ́n sì kọ̀ láti kó o kúrò.

A jókòó. Bàámi ní, "Ẹ ka ara yín."

Màámi ní, "Ení."

Ó wá kan bọ̀dá mi. Tọ́pẹ́ ń wò mí, mo ń wo ilẹ̀. Ṣé kí n sọ "Èjì" ni? Ṣé bí a ó ṣe máa ṣe é títí lọ nìyẹn, tí gbogbo wa á kàn sún síwájú dí àyè rẹ̀? Ẹnu mi kò ṣí. Lójú títì, ọkọ̀ sójà kan ń kọjá lọ, a gbọ́ orin wọn títí ó fi jìnnà, bàámi sì gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà.

"Èjì."

Bọ̀dá mi ló dúró níbẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀, eruku táyà wà ní ṣòkòtò rẹ̀ níbi tó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì bàámi láti ìgbà tó ti jáde. Kò sọ ju ìyẹn lọ. Ó wọlé, ó jókòó sí àyè rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀ta." Tọ́pẹ́ ní, "Ẹ̀rin." Bàámi la ẹnu láti sọ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde, ẹkún tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ọkùnrin. Ògì ń tutù. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. A dúró dè wọ́n, gbogbo wa, títí wọ́n fi lè sọ pé, "Àrún."